Ta Ló Fa Ìlà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

Ẹ bá mi kí Aunty Jessica o! Obìnrin tí kì í ka nǹkan kan kọjá WhatsApp, àwọn náà ló ṣàdéédé di òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn. Olúwa mà tóbi.

Àwọn ló ni iléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Primary Four ní Ìkòsí. Nígbà tí wọ́n kéde ìdíje ìtàn ọ̀daràn fún àwọn obìnrin, mo kọ tèmi, ogún ojú ìwé gbáko. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti ń kọ̀tàn tí ẹnikẹ́ni ò rí. Eléyìí, mo fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi lé e lórí: Hàlímátù Èṣùbíyìí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní ká fi í ránṣẹ́ sí, mi ò sì ní kọ̀ǹpútà. Èmi ọlọ́gbọ́n wá gbé e fún Aunty Jessica.

"Fi síbẹ̀, màá bá ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àní mo kúnlẹ̀!

Lẹ́yìn oṣù méjì, orúkọ àwọn mẹ́ta tó kù nínú ìdíje jáde. Àkọlé ìtàn mi ló wà níbẹ̀, orúkọ Aunty Jessica ló wà nídìí ẹ̀. Gbogbo tíṣà ń kọ "Congratulations ma" sórí WhatsApp. Èmi náà kọ ọ́. Tí mo bá yanu, iṣẹ́ lọ. Tí mo bá panu mọ́, ìtàn lọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, gbogbo àwa tíṣà tẹ̀ lé wọn lọ pàtẹ́wọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Kétu. Aunty Jessica wọ dígí tí mi ò rí lójú wọn rí. Bóyá wọ́n gbọ́ pé òǹkọ̀wé kì í ríran. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ajégúnlẹ̀ wa létí odò níbí ni ìtàn mi ti ṣẹlẹ̀, níbi tí omi ti máa ń wọlé bá wa. Aunty Jessica ò fẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn mọ irú ibẹ̀ yẹn. Wọ́n pa Ajégúnlẹ̀ rẹ́, wọ́n fi Mende tí àwọn ń gbé rọ́pò ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ọkọ̀ ojú omi. Bí ọlọ́pàá inú ìtàn ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi kiri ẹ́sítéètì nìyẹn, tó ń yà fún jíìpù. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Uncle Káyọ̀dé tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mirí, wọ́n ní, "Ìjìnlẹ̀ rèé."

Adájọ́ kejì, Mummy Dorothy, mámà arúgbó kan, béèrè ọ̀rọ̀: "Jessica, ọkùnrin kan kú sílé. Àbúrò ẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ló kú, nígbà tí òun ṣì wà l'Ábẹ́òkúta, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun tó dé. Ọlọ́pàá wo ìlà èédú mẹ́ta lára ògiri, ló bá mú àbúrò. Kí ni ìlà yẹn sọ fún un?"

Mo kọ àlàyé ẹ̀ o. Aunty Jessica ló gé e dànù, kí ìtàn má baà gùn jù.

"Ìlà yẹn dúró fún ìbànújẹ́, ma."

"Ìbànújẹ́ mẹ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ma. Ti àná, ti òní, ti ọ̀la."

Uncle Káyọ̀dé pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbà pé ọmọdé ni mí. Inú bí mi. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, kì í ṣe ìbànújẹ́ o! L'Ájégúnlẹ̀, tí omi bá wọlé, àràárọ̀ la máa ń fi èédú fa ìlà síbi tó dé lára ògiri, ká lè mọ̀ bóyá ó ń kún sí i. Ọkùnrin yẹn nìkan ló ń gbélé ẹ̀. Ó fa ti ọjọ́ Àìkú tí omi wọlé, ó fa ti ọjọ́ Ajé. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ Ajé ló kú lóòótọ́, ta ló wá fa ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Yéè! Irọ́ ni àbúrò yẹn ń pa! Òun ló pa á!"

Mummy Dorothy kọjú sí mi. "Ta ló kọ ìtàn yìí?"

"Èmi ni, ma."

Aunty Jessica gbá máìkì mú. "Ẹ má dá a lóhùn jàre, tíṣà mi ni. Ìlara ló ń ṣe é."

"Ó dáa," Mummy Dorothy wí. "Níbo gan-an ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mende?"

Aunty Jessica bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Uncle Káyọ̀dé pàápàá ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n fi báírò fa igi lé orúkọ Aunty Jessica lórí ìwé ẹ̀rí, wọ́n kọ tèmi sókè ẹ̀. Mo sunkún níwájú gbogbo èèyàn, mi ò sì tijú.

Mi ò tíì délé tí lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ fi wọlé sórí fóònù mi. Ìlà mẹ́ta péré, àṣìṣe márùn-ún. Ká má purọ́ mọ́ wọn: eléyìí, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́.