Òṣùká Abẹ́ Pákó

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú kọjá, Tíṣà Oyèlékè gbọn eruku kúrò lórí ìwé àpèkọ rẹ̀, ó pa á dé, ó sì sọ fún wa pé òun ń padà sí Ọ̀yọ́.

A kò lè bá a wí. Àwa mọ́kànlá là ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Amọ̀ ni ògiri ilé náà, pákó sì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè. Màmá Ọ̀ṣúnwùmí, onílé wa, ló ń gbé òkè yẹn. Bí aago mẹ́fà bá ti lù, wọ́n á gbé odó síwájú, wọ́n á máa gún iyán fún àwọn ọmọ ọmọ wọn. Bí Tíṣà bá pe gbólóhùn kan, odó á gbé ìdajì rẹ̀ mì. Nínú ogójì ọ̀rọ̀ tó pè lọ́jọ́ náà, mẹ́tàdínlógún péré ni mo gbọ́ kọ.

Tíṣà ti bẹ màmá pé kí wọ́n gbé odó lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹsẹ̀ ta ni mo fẹ́ máa fi gun àtẹ̀gùn?" ni wọ́n bi í. "Tèmi àbí tìẹ?"

Màmá kì í ṣe èèyàn líle. Òfin kan wà tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé: ẹni tó bá gbọ́ ìró odó, òkèlè tirẹ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá parí ẹ̀kọ́, a máa ń fọwọ́, a máa ń gòkè, màmá á sì bu iyán fún wa pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Mashood, fọkanáísà Takie, sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé tìtorí ìyẹn lòun ṣe ń wá.

Ní tèmi, ìwé ni mo wá. Káfíńtà ni mí, ọmọ Ọ̀yọ́. Mo ti lọ ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ méjì rí: ọ̀kan tú ká ní oṣù kẹrin ọdún 1983, èkejì tú ká ní oṣù kejìlá ọdún 1985. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ìdánwò G.C.E. sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

"Tíṣà, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì," ni mo wí. "Mo máa pa pákó yẹn lẹ́nu mọ́."

"Ọ̀sẹ̀ méjì, Akínpẹ̀lú," ni Tíṣà dáhùn. "Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, Ọ̀yọ́ ni mo wà."

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò mọ́gbọ́n wá. Mo ṣí pákó òkè, mo da àpò èèpo ẹ̀pà mẹ́fà sáàárín àwọn igi tó gbé e dúró. Ìró odó dín díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, eku wọ ibẹ̀. Asiyah, ọ̀kan nínú wa tó ń yan gàrí tà, fò sórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin káfíńtà yìí! Odó la ní kẹ́ ẹ pa lẹ́nu mọ́, ẹ wá lọ kọ́lé fún eku!"

Mo kó èèpo dànù, mo fi iyanrìn rọ́pò rẹ̀. Òjò ti rin iyanrìn náà, nítorí náà Asiyah yan án gbẹ nínú agbada gàrí rẹ̀, garawa mẹ́tàlélógún, ó sì bú mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mashood gé ògbólógbòó táyà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo tò ó sórí àwọn igi náà, mo sì dá pákó padà lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kàn án mọ́lẹ̀ ní igba ìṣó ó dín mẹ́wàá, nítorí bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní Ọ̀yọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Tíṣà dá, màmá gún iyán kí a fi dán an wò. Mo dúró sísàlẹ̀. Gbì! Gbì! Kò yàtọ̀. Mo jókòó, mo kà á lọ́kàn: ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ilé ìwé máa tú mọ́ mi lórí.

Mo gòkè lọ sọ fún màmá. Wọ́n gbé ọmọ odó sílẹ̀.

"Kí lo fi sábẹ́ pákó?"

"Táyà ni, mà. Mo fi ṣe òṣùká, kí pákó má bàa kan igi ìsàlẹ̀."

"Ó dáa. Ìṣó wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ìṣó ló di pákó mú, mà. Ó gba inú táyà wọnú igi lọ."

Màmá fi ẹsẹ̀ tẹ orí ìṣó kan.

"Akínpẹ̀lú, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ru iṣu láti Ìkòyí-Ilé wá síbí. Mo máa ń fi òṣùká sórí. Àmọ́ n ò kan ẹrù mọ́rí rí."

Ní ọjọ́ kejì, láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, mo fa gbogbo ìṣó náà yọ. Ẹmú bó mi ní àtàǹpàkò òsì. Mo kan pákó mọ́ ara wọn nìkan, n kò jẹ́ kí ìṣó kankan dé igi ìsàlẹ̀.

Ní aago mẹ́fà, Tíṣà ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wo òkè. Ó pe gbólóhùn kìíní. Ó pe ìkejì. A ń kọ ọ́.

"Ṣé màmá ò gún iyán lónìí ni?" ni ó bi wá.

Mashood sáré gòkè, ó sáré padà. "Wọ́n ń gún un o! Òógùn ti bò wọ́n!"

Asiyah pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógójì ni mo gbà nínú ogójì. Tíṣà ní òun kò lọ mọ́.

Nígbà tí a parí, a fọwọ́, a gòkè. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé. Ṣé ẹ gbọ́ odó mi lónìí?"

"Rárá o, mà!" ni Tíṣà dáhùn tayọ̀tayọ̀. "A ò gbọ́ nǹkan kan!"

"Ẹ kú oríire. Ó yá, ẹ máa lọ jẹun nílé yín."

Mashood yíjú sí mi. "Káfíńtà, lọ kan ìṣó yẹn padà."

Mẹ́jọ nínú wa ló yege ìdánwò náà, mo sì wà lára wọn. Láti ọjọ́ náà títí tí a fi kúrò nínú ilé yẹn, a kò jẹ iyán màmá mọ́.