Ìwé Ojú Ọjọ́ Mísbáù

Kí Mísbáù tó wọkọ̀ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo ló bẹ Salimat: kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún bàrómítà, ẹ̀rọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí.

Ilé tí àwọn òyìnbó ti ń wo ojú ọjọ́ nígbà kan ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Mafoluku. Mísbáù ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, Salimat ló ń dá àwọn tó fẹ́ yá gbọ̀ngàn ibẹ̀ fún ìgbéyàwó lóhùn. Láràárọ̀, Mísbáù á wo bí mẹ́kúrì inú ọ̀pá gíláàsì bàrómítà ṣe ga tó, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé; tí kò bá sí níbẹ̀, Salimat á bá a kọ ọ́. Láti ọgọ́ta ọdún, wọn ò fo ọjọ́ kan rí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹ̀gbẹ́ bàrómítà náà ni wọ́n máa ti so yìgì Mísbáù àti Salimat.

Lọ́sàn-án Sátidé, Àǹtí Morọ́lá tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìyàwó kan gbọ́wọ́ lé ìbàdí.

"Sali, ṣé ìyàwó àti páìpù yìí ni wọ́n máa jọ ya fọ́tò ni?"

"Wọ́n ní ká má gbé e, àǹtí."

"Ta ni wọ́n? Ọkọ ẹ? Ṣé láti Ìsẹ́yìn ló ti ń rí wa?"

Salimat rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn làwọn ọmọọṣẹ́ Àǹtí Morọ́lá gbà bí àṣẹ, wọ́n gbé e. Wọn ò tíì jáde lẹ́nu ọ̀nà tí gíláàsì fi gbá férémù ilẹ̀kùn, tó sì fọ́. Mẹ́kúrì tú sílẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Salimat ní kí wọ́n gbé e kọ́ padà, kí wọ́n kọ ojú ibi tó fọ́ sí ògiri. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó kọ nọ́ńbà Sátidé sínú ìwé fún ọjọ́ náà, bí ẹni pé ó ka mẹ́kúrì.

Mísbáù padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú òfì yìgì wọn nínú ọ̀rá. Ó ṣí ìwé.

"Sali, òjò àná ká wa mọ́ Òṣòdì fún wákàtí kan. Tí irú òjò yẹn bá ń bọ̀, mẹ́kúrì máa ń wálẹ̀. Àmọ́ ojú kan náà pẹ̀lú ti Sátidé lo kọ ọ́ sí."

"Ó fọ́," ni Salimat wí. Ó yí ojú ibi tó fọ́ lára bàrómítà náà sí i.

"Gíláàsì lè fọ́. Ǹ bá bínú, kí n sì gbàgbé." Ó nàka sí nọ́ńbà náà. "Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé o ò ní fẹ́ mi mọ́."

Mísbáù fa ìlà kan la nọ́ńbà náà kọjá, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: *Kò dájú.*

"Ìgbéyàwó wa wá ńkọ́?"

Mísbáù tún nàka sí ọ̀rọ̀ méjì náà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè gbẹ, ó gbé òfì sábíyá, ó sì jáde.