Agogo Ilé Ọlọ Stowbeck

"Ẹ sé omi! Ọ̀gbẹ́ni Garrod, ẹ sé omi!"

Harriet Pask, ọ̀gá ilé ọlọ náà, ló ń ké bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Agogo ń dún kíkankíkan lókè, ṣùgbọ́n Wilfred Garrod kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ṣàlàyé fún àlejò méjì bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ń lọ àlìkámà fún gbogbo Stowbeck. Òórùn òkúta tó ń gbóná ló mú un yí padà. Ó rí iná tó ń ta lábẹ́ ọmọ ọlọ, ó sì fò mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń sé omi.

Kẹ̀kẹ́ ńlá ìta tí omi fi ń yí ọlọ dúró. Harriet bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n lọ mu tíì nínú ọgbà.

Kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ ọlọ rí tí kò mọ̀ pé àlìkámà ò gbọdọ̀ tán láàrin òkúta méjì. Bó bá tán, ọmọ ọlọ á máa ha ìyá ọlọ, iná á máa ta, ilé onípákó á sì jóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so agogo mọ́ àpótí àlìkámà: bí àpótí bá ti ń gbẹ, agogo á dún. Ó lé ní ogójì ọdún tí Wilfred ti ń lọ̀ ọ́, kò jẹ́ kó tán rí. Nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ra ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n ra Wilfred mọ́ ọn, bí ẹni ra ìkòkò mọ́ ọmọrí.

"Mo gbọ́ agogo láti ẹnu géètì," ni Harriet wí. "Ẹ̀yin sì wà lábẹ́ rẹ̀!"

Wilfred ń wo ẹnu rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò yẹn ló pọ̀ jù."

Ó yí padà, ó ń gbá ìyẹ̀fun. Harriet fa okùn agogo lẹ́yìn rẹ̀, ó tún fà á. Wilfred ò wẹ̀yìn. Ló bá fọwọ́ kàn án léjìká. Kíá, Wilfred na ọwọ́ sí àpò àlìkámà, kó tó rántí pé ọlọ ti dúró.

Ohùn Harriet wálẹ̀. "Ta ló ń gbọ́ agogo fún yín?"

Wilfred jókòó. "Enid ìyàwó mi ni. Ọdún mẹ́sàn-án. Á jókòó sórí àga yẹn, á máa hun ṣúẹ́tà. Bí agogo bá dún, á fọwọ́ kàn mí léjìká. Àwọn èèyàn á ní, 'Ẹ wo àwọn arúgbó yìí, wọn ò tíì sú ara wọn!'" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì bà jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Láti oṣù kẹta ọdún yìí tí mo ti sin ín, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí mọ́."

Omi bọ́ lójú Harriet. "Ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

"Kí o lè gba kọ́kọ́rọ́ ilé ọlọ lọ́wọ́ mi? Ilé yìí nìkan ló kù mí kù."

"A lè so iná mànàmáná mọ́ àpótí dípò agogo. Ẹ ó rí i tó bá tàn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Wilfred lọ́kàn, ó wù ú gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó mọ̀ pé àwọn ìlà tí òun fọwọ́ ara òun gbẹ́ sójú òkúta ọlọ ti parẹ́ níbi tí òkúta méjèèjì ti ń ha ara wọn, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn àlejò yẹn gbé ọmọ ọwọ́ dání.

"Rárá, ọmọ mi. Mo ti purọ́ fún ilé yìí tó." Ó dìde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òpó tí agogo so mọ́. "Fà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Harriet fà á. Òpó náà gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ Wilfred.

"Ṣé ó ń dún?"

"Ó ń dún dáadáa, Ọ̀gbẹ́ni Garrod."

Wilfred mi orí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sórí àga Enid.

"Ẹni tó bá gba ibí lẹ́yìn mi," ó ní, "má ṣe jẹ́ kó dá wà."