Iná Pupa fún Waliyat

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n mi Sàídù kò mọ ìfẹ́, kó wá bi mí. Ẹnu ni kò ní. Rédíò ló ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Waliyat ní ọsibítù wa, níbi tí mo ti ń pe àwọn aláìsàn wọlé, fáànù tó wá tún ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé e lórí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Waliyat ti ń ránṣọ. Adití ni. Ẹwà rẹ̀ a máa mú kéèyàn gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lóṣù sì ni dókítà ojú ń ti Ìbàdàn wá sọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ títí, kò gbọ́. Dókítà bá tirẹ̀ lọ. Bí kò bá sì rí i lóṣù yìí, ojú náà lè fọ́ pátápátá.

Mo sọ fún Sàídù. Ó kàn padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nǹkan tó gbé wá lẹ́yìn náà, mo lanu sílẹ̀! Pátákó fífẹ̀ kan ni, ó to gílóòbù pupa sí i, nọ́ńbà wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì mọ́tò ló so ó mọ́, kí iná má baà já wa kulẹ̀. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì lórí tábìlì mi, gílóòbù á tàn, aago kékeré á sì dún. Ẹni tí kò gbọ́ràn á rí iná. Ẹni tí kò ríran á gbọ́ aago, màá sì pe nọ́ńbà rẹ̀.

"Èmi Ọládépò, tí mo fi ìyàwó méjì sílé," ni baba kan wí láti orí bẹ́ńṣì, "gílóòbù ni yóò wá máa rán mi níṣẹ́?"

"Baba, àwọn ìyàwó yín kò ti ń rán yín níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni?" ni mo bi í.

Gbogbo wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, mo fún Waliyat ní páálí nọ́ńbà kẹta. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Àfi bí ìyá arúgbó kan ṣe wọlé, tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, tó sì gba páálí tó gbẹ̀yìn pátápátá. Kí n tó ṣẹ́jú, Waliyat ti kúnlẹ̀, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé tirẹ̀ fún ìyá náà, ó sì gba ti ìyá. Báwo lọmọdé ṣe máa wọlé ṣáájú àgbà? Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ta ni n ó bá wí?

Ìyá arúgbó wọlé nígbà tí nọ́ńbà kẹta tàn. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, títí wọ́n fi pe ìrun àílà ní mọ́sáláṣí. Dókítà ti ń pa báàgì rẹ̀ dé.

"Sà, ó ku ẹnì kan."

"Haneefah, dírẹ́bà ń dúró dè mí."

Ìyá arúgbó, tó ṣì ń retí ẹni tó máa mú un lọ sílé, fọ̀pá lu ilẹ̀. "Dókítà, àyè ọmọ yẹn lẹ fi wò mí. Bí ẹ bá lọ láìwò ó, ẹ yáa wá gba oògùn yín padà lójú mi!"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó sì fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì.

Iná pupa tàn. Waliyat gbójú sókè. Ẹnikẹ́ni kò gbá a léjìká, ẹnikẹ́ni kò fà á láṣọ. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó dìde, ó ń lọ bí ìyàwó tó ń wọlé ọkọ. Sàídù, tó ti ń ṣọ́ pátákó rẹ̀ láti àárọ̀, sáré dìde láti mú un lọ. Mo fà á ní ṣẹ́ẹ̀tì.

"Jókòó. Ó mọ̀nà."

Nígbà tó jáde, wọ́n ti fi báńdéèjì funfun bo ojú náà. Dókítà ní kò ní fọ́. Waliyat dúró níwájú Sàídù. Ó nàka sí pátákó iná, ó fọwọ́ ya ilẹ̀kùn sínú afẹ́fẹ́, ó ṣe bí ẹni ń tẹ bọ́tìnì, ó wá fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Sàídù kọjú sí mi. "Haneefah, ṣé ó ní òun fẹ́ràn mi ni?"

"Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ná. Ó ní kí o wá ṣe irú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun, káwọn oníbàárà lè máa fi pe òun."

"Ní Ògbómọ̀ṣọ́?" Ó pè é bí ẹni ń pe àlùjánnà.

"Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni."

N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ó fi yọ téèpù jáde lápò, tó fún Waliyat mú ní orí kan. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ẹnu ọ̀nà ọsibítù wa bí ẹni pé ti ṣọ́ọ̀bù Waliyat ni, kí wọ́n lè mọ bí wáyà tí wọ́n máa rà yóò ṣe gùn tó.