Iná Pupa Níwájú Orúkọ Marlys Tveit

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òfin yìí kan ewúrẹ́," ni aṣòfin tó dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wí. "Ewúrẹ́ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń wọ ọkọ̀ ilé ìwé."

Gbogbo Ilé bú sẹ́rìn-ín. Marlys Tveit, tó dúró níwájú wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ní kò kan ewúrẹ́, àfi tó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ náà ló ń wa ọkọ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, àwọn kan lu tábìlì. Àná ló ti múra èsì yẹn sílẹ̀ níwájú dígí òtẹ́ẹ̀lì, inú rẹ̀ sì dùn pé ó bọ́ sí i. Ló bá gbójú sókè síbi tí àwọn ará ìlú máa ń jókòó sí wòran. Ione Pruitt nìkan ló wà níbẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó gbé àpò lé itan. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Marlys bí ẹni tó ń wo ilé tó ń jó.

Àṣà Ilé Aṣòfin wa ni. Bí ẹni tuntun bá gbé àbádòfin àkọ́kọ́ rẹ̀ wá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè òpònú, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á tẹ bọ́tìnì pupa, pátákó ìbò á sì pọ́n látòkè délẹ̀. Nígbà tí ojú ẹni náà bá ti yí padà tán, wọ́n á wá máa yí ìbò wọn sí àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, ó di ọmọ Ilé nìyẹn. Ẹni tí wọn ò bá ṣe é fún, kó lọ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fi ṣẹ̀ wọ́n.

Marlys mọ̀ nípa àṣà yìí, ó sì ti dọ́gbọ́n sí i. Ó ti gbé àbádòfin kan kalẹ̀ ṣáájú, lórí ọ̀rọ̀ oyin sísìn, kí wọ́n lè lo ẹ̀fẹ̀ wọn tán lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn olóyin méjì bá ara wọn jà nínú ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ oyin há síbẹ̀, àbádòfin ààbò ọmọdé ló wá kọ́kọ́ jáde. Lọ́jọ́rú, Orrin Gustad tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá bá a níbi oúnjẹ ọ̀sán. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Orrin ti lò nínú Ilé, òun sì ni ọ̀gá àwọn aláwàdà.

"Tó o bá ní ká má ṣe é, a ò ní ṣe é," ni Orrin wí. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó máa yé wọn."

Ó yẹ kó sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló ti ń dá jẹun níbi oúnjẹ yẹn, tó ń gbọ́ tí àwọn yòókù ń sọ ìtàn ohun tí wọ́n jọ ṣe ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Opó ni. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn ilé epo ló ń gbé láti ìgbà tí ìjókòó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì nìkan ló ń kí i káàárọ̀. Lọ́jọ́rú yìí, Orrin gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ wá sórí tábìlì rẹ̀, àwọn méjì mìíràn sì tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó tì í. Ọbẹ̀ ẹran gbóná lọ́jọ́ náà dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ló bá ní kí wọ́n ṣe é, pé eré kò pa ẹnì kan rí.

Àbádòfin náà ò gùn. Ohun tó sọ ni pé òṣìṣẹ́ ilé ìwé yòówù tó bá fojú ara rẹ̀ rí àpẹẹrẹ pé wọ́n ń ṣe ọmọ níkà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ pe ọ́fíìsì ààbò ọmọdé lọ́jọ́ náà gan-an. Sísọ fún ọ̀gá nìkan kò tó. Bí òfin ti wà látẹ̀yìn, tó o bá ti sọ fún ọ̀gá rẹ, ọrùn rẹ ti mọ́.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Marlys fi wa ọkọ̀ ilé ìwé kó tó di aṣòfin. Ọmọ-ọmọ Ione, Maren, ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa ń jókòó sí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ọmọ náà kì í tètè dé, Marlys sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é títí yóò fi sáré dé, okùn bàtà rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ó wọlé láìwọ ẹ̀wù òtútù, Marlys sì rí àpá lílù lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá ní kó fi lé òun lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n Marlys wà lọ́jà, ó rí orí ọmọ tó ń wọ́, ó lọ sọ fún ọlọ́jà, ó sì gba ilé lọ. Ọ̀gá fẹ́ kọ́kọ́ wò ó ná. Ó wò ó fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá, Maren kò jáde wá sí títì, kò sì tún jáde wá mọ́. Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ wà lẹ́wọ̀n báyìí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò jí ọmọ dìde.

Olórí Ilé ní kí wọ́n dìbò. Pátákó náà pọ́n fòò. Marlys ṣe ojú tó yẹ kó ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí àwọ̀ ewé. Mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni, rédíò sì ti ń kéde láti àárọ̀ pé ìjì yìnyín ń bọ̀. Àwọn kan ti tẹ pupa, wọ́n ti jáde lọ mú ẹ̀wù wọn kí wọ́n lè tètè gba ọ̀nà ilé, wọ́n rò pé àwọn tó kù á parí eré. Àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ òfin náà látilẹ̀wá, tí wọ́n ní ìjọba ò gbọ́dọ̀ máa yọjú wo inú ilé onílé. Láìsí eré, ojú á ti wọn láti tẹ pupa níwájú ìyá àgbà ọmọ náà. Eré wá fún wọn níbi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. Aláwọ̀ ewé dúró lórí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mẹ́rìndínlógójì ni òfin gbọ́dọ̀ ní kó tó kọjá.

Olórí Ilé wo ojú fèrèsé, ó gbé òòlù rẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnì kan ṣì fẹ́ yí ìbò rẹ̀ padà.

Orrin fi ara mọ́ Marlys. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ìbò náà ò ní pé. Ẹni tó bá wà níhà tó borí, ìyẹn pupa, nìkan ló lè ní ká tún un dì nígbà tá a bá tún jókòó. Tí kò bá sẹ́ni tó ní ká tún un dì lọ́jọ́ Ajé, ó di ọdún méjì. Ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ padà sí pupa kí Olórí Ilé tó ti ìbò."

Marlys na ọwọ́ sí bọ́tìnì rẹ̀. Orrin dá a dúró.

"Jẹ́ kí n bá ọ ṣe é. Obìnrin yẹn ń wò ọ́ lókè, má fi pupa síwájú orúkọ rẹ. Èmi ni mo fa ẹ̀fẹ̀ yìí. Fi lé mi lọ́wọ́."

"Ẹ̀ ń lọ sílé lónìí, ẹ̀gbọ́n?"

"Àwọn màlúù mi ń bímọ. Màá padà dé kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́."

"Tí yìnyín bá dí ọ̀nà ńkọ́?"

Orrin yíjú sí fèrèsé, Marlys sì tẹ bọ́tìnì. Iná pupa kan tàn níwájú orúkọ Tveit, lórí òfin tí Tveit fúnra rẹ̀ kọ. Òòlù balẹ̀. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, àga Ione ti ṣófo.

Ó bá a níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó ń ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì. Marlys ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbò náà fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun tí pupa yẹn wà fún. Ione gbọ́ ọ tán, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ewúrẹ́ ńkọ́?" ló bi í. "Ṣé ara ìlànà ìbò ni ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà?"

"Èmi ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, mà, kì í ṣe Maren. Wọ́n bi mí kí wọ́n tó ṣe é. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é."

"Kí ló dé?"

Marlys lè purọ́, ṣùgbọ́n kò pa á. "Torí wọ́n wá jókòó tì mí. Kò tíì sẹ́ni tó jókòó tì mí látìgbà tí mo ti dé ibí."

Ione dá yìnyín híha dúró. "Ta ló máa wá béèrè fún un lọ́jọ́ Ajé?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kan náà lẹ sọ nígbà yẹn pé ẹ ti sọ fún ọ̀gá," ni Ione wí, ó wọ ọkọ̀, ó sì lọ. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀.

Ní aago mẹ́ta, kò sí ọkọ̀ kankan mọ́ ní gbogbo àyíká Ilé Aṣòfin. Aládùúgbò Marlys pè é láti ìlú rẹ̀ pé kó wá mú ajá rẹ̀, pé omi lè dì nínú páìpù ilé rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun mú ajá sọ́dọ̀. Tó bá lọ sílé, tí ọ̀nà sì dí, ta ló máa dìde? Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ti ọ̀nà ńlá pa. Yìnyín ga dé ojú fèrèsé yàrá rẹ̀. Ó jẹ ọbẹ̀ inú agolo pẹ̀lú bisikíìtì oníyọ̀, ó fọ ṣíbí kan ṣoṣo tó lò, ó sì gbé e síbi tó ti mú un. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣàkíyèsí pé òun ò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó wá sọ gbólóhùn tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ kejì sókè lẹ́ẹ̀kan, láti mọ̀ bóyá ohùn ṣì wà lọ́fun òun. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹsẹ̀ ló fi rìn, torí yìnyín ti bo ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aṣòfin mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ráyè dé. Àga Orrin ṣófo. Wọ́n ní àtàná ló ti há sínú oko. Òkè tí àwọn ará ìlú ń jókòó sí ṣófo pẹ̀lú.

Marlys dìde, ó ní kí Ilé tún ìbò náà dì. Olórí Ilé bi í, bí ìlànà ti là á sílẹ̀, ìhà wo ló dìbò sí lọ́jọ́ Ẹtì.

"Mo dìbò pé rárá," ni Marlys wí. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Mo rí ọwọ́ ọmọ náà. Mo sọ fún ọ̀gá mi, mo sì lọ sílé. Ìdí tí mo fi kọ òfin yìí nìyẹn. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́jọ́ Ẹtì, dípò ọ̀rọ̀ ewúrẹ́."

Ọkùnrin elewúrẹ́ ló dìde tẹ̀ lé e. Ó ní òun kín in lẹ́yìn, ó sì jókòó. Kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè kankan. Wọ́n gbà pé kí wọ́n tún un dì, wọ́n sì tún un dì: mọ́kàndínlógójì gbà, méje kọ̀. Ó ku kí Ilé Aṣòfin kejì náà dìbò sí i. Kò sẹ́ni tó rántí láti pàtẹ́wọ́, Marlys náà ò sì retí rẹ̀.

Ó jáde sí ọ̀nà àbákọjá, ó pe Ione. Fóònù náà dún títí kí ìyá náà tó gbé e. Marlys sọ iye ìbò fún un.

"Ta ló dìde?" ni Ione béèrè.

"Èmi ni."

Marlys ń gbọ́ bí aago ògiri ṣe ń dún nílé obìnrin náà. Ó rò pé Ione fẹ́ pa fóònù.

"Lọ́jọ́ tí kò jáde wá yẹn," ni Ione wí, "ẹ dúró dè é?"

"Ìṣẹ́jú méje, mà. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù ń pariwo pé òtútù ń mú àwọn."

"Ìṣẹ́jú méje," ni Ione tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ó máa ń pẹ́, ọmọ yẹn. Kò mọ okùn bàtà í dè."