Áàpù Tó Ní Ká Dúró

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Inú ń bí mi! Wọ́n fẹ́ lé àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó gba ẹ̀mí là.

Awakọ̀ áḿbúláǹsì ni. Èmi ni mo kọ áàpù tó ń sọ ilé ìwòsàn tó ní bẹ́ẹ̀dì fún wọn. Orí kíláòdù ìjọba la gbé e sí, ẹ̀rọ tí wọ́n mọ odi yí ká: kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì rí, ohun tó bá sì ti wọ inú ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde mọ́, àfi èsì tó ń fún ẹ̀rọ inú áḿbúláǹsì. Mo sọ fún Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni áàpù yìí ti ń mú máàpù tó fi ń mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Tá a bá gbé e wọlé bẹ́ẹ̀, á kàn máa pè ni, ẹnikẹ́ni ò ní dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí n kó máàpù wọlé ná." Ó kọtí ikún. "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹ?" Ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀! Kọ̀ǹpútà tèmi ní íńtánẹ́ẹ̀tì!

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àbúrò mi gbé aboyún kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀. Áàpù ní, "Ẹ dúró díẹ̀." Ó dúró, dúró. Ó pè mí: "Àǹtí, nǹkan yín yìí ò sọ̀rọ̀ o!"

"Kí lo wá ń dúró dè? Wa ọkọ̀ lọ!"

Ó wà á lọ sílé ìwòsàn tó mọ̀. Ìyá yè, ọmọ yè.

Ṣé wọ́n dúpẹ́? Ọ̀gá ní ó tàpá sí àṣẹ áàpù, ó ní kí ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Níwájú ìgbìmọ̀, mo ní kí wọ́n wo ojú ẹ̀rọ kíláòdù yẹn fúnra wọn. Ọ̀gá fẹyín sí mi: "Nǹkan kan kì í jáde níbẹ̀, fọ́tò gan-an ò gbọdọ̀ jáde. Òfin ni."

Orí mi gbóná. "Tí kò bá lè jáde, ṣé ẹ̀yin náà ò lè wọlé ni?" Mo kọjú sí alága, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Wọ́n fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn tẹ̀ lé mi wọ yàrá ẹ̀rọ. Mo tan ojú ẹ̀rọ. Ìpè àbúrò mi ṣì ń yí níbẹ̀: "Ẹ dúró díẹ̀." Ọmọ ọ̀hún ti ń rẹ́rìn-ín sí ìyá ẹ̀, áàpù ṣì ń wá bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀gá wúkọ́. "Ó máa tó dáhùn, mà."

"Ó dáa." Alága fa àga fún un. "Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí á fi dáhùn." Ó wá yíjú sí àbúrò mi. "Ìwọ, mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ. Aláìsàn ń dúró."