Ife Kejì

Aránṣọ ni mí. Mo ṣì ń fi ojú ara mi kó òwú sínú abẹ́rẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ní mo ti ń ṣarán, kó lọ fọ ẹnu rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti tọ̀ sára lórí àga aládùúgbò mi ni mo ti ń ṣọ́ omi mu. Ìtìjú yẹn ju òùngbẹ lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ìlú mìíràn ló ń gbé, orí fóònù ló ti ń kí mi, á sì máa kánjú.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ata. Mo fara dà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbójú sókè nídìí máṣíìnì, mo rí ọkọ mi lórí àga rẹ̀, ọkọ mi tí a ti sin tipẹ́.

Ó ní, "Ìyàwó, òwú yẹn ò bá aṣọ yẹn mu."

Bó ṣe máa ń yọ mí lẹ́nu gan-an nìyẹn. Inú mi dùn dé góńgó. Ojoojúmọ́ ló ń wá, ife tíì méjì ni mo sì ń pò.

Ọmọ mi dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń bá àga jiyàn. Ó bú sẹ́kún.

"Màámi, ẹ ò lè dá gbé mọ́. Ilé àwọn arúgbó ló kù."

Mo ní àfi kí wọ́n gbé òkú mi jáde nínú ilé mi.

Nọ́ọ̀sì tí ọmọ mi ránṣẹ́ pè ò dá sí ìjà wa. Ó ní kí n tọ̀ sínú ike, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Màmá ò ṣarán o. Kòkòrò ló wọ ibi tí ìtọ̀ ń gbà, ó sì máa ń da orí àgbàlagbà rú. Ẹ lo oògùn yìí tán, kẹ́ ẹ sì máa mu omi dáadáa."

Oògùn náà jẹ́. Iyè mi sọ. Ọmọ mi bẹ̀ mí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo jàre, ilé mi ni mo wà.

Ọ̀sán dé, mo jókòó ti máṣíìnì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi òwú pupa rán aṣọ funfun, bóyá ẹnì kan á bá mi wí. Àga ò sọ nǹkan kan. Àárò ọkọ mi sọ mí bí ẹni pé àná ló kú.

Nọ́ọ̀sì kúkú ní kí n máa mu omi. Mo bu ún sí ife méjì. Mo mu tèmi tán, mo dúró díẹ̀, mo sì mu tirẹ̀.